Nọ́ọ̀sì Eléyín Tó Lọ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Dákẹ́

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni Nọ́ọ̀sì fi bá àwọn tí kò lè fèsì sọ̀rọ̀. Wọn kì í ṣe òkú, wọn kì í sì í ṣe odi. Àwọn tó wá tọ́jú eyín ni wọ́n. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dúró ti dókítà eyín, kó máa na irinṣẹ́ sí i, kó máa fi ọ̀pá róbà fa itọ́ kúrò lẹ́nu ẹni tó wà lórí àga, kó sì máa yí iná síbi tó yẹ. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe èyí ni ẹnu rẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀, ẹnu ló sì máa ń yá jù.

"Ọmọ yín tó ṣègbéyàwó lọ́jọ́sí ńkọ́? Ṣé wọ́n ti kó kúrò nílé ìyá ọkọ?"

Ẹni tó wà lórí àga, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ilé tí wọn ò tíì kan ilẹ̀kùn sí, á ní, "Aaa."

"Mo mọ̀! Ó hàn lójú yín. Ẹ jẹ́ kí n gbà yín nímọ̀ràn kan."

Á wá gbà á nímọ̀ràn. Á gbà á nímọ̀ràn nípa ọmọ, nípa ìyàwó ọmọ, nípa ẹ̀yìn ríro, àti nípa aládùúgbò tó ń da omi ìdọ̀tí sójú ọ̀nà. Kí dókítà tó dí ihò eyín kan tán, Nọ́ọ̀sì á ti tún gbogbo ilé onílé tò. Aláìsàn á dìde, á fi omi ṣan ẹnu, á dúpẹ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì á gbà pé ìmọ̀ràn òun ló ń dúpẹ́ fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni bàbá arúgbó kan wá yọ eyín. Dókítà yọ ọ́ tán, ó ki òwú bọ ojú ibẹ̀, ó ní kí bàbá sinmi díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jáde. Bí bàbá ti jókòó, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Àánú ṣe Nọ́ọ̀sì. Ó fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní kò ní pẹ́ tí ara á fi tù ú. Ó ní kó má mu ohun gbígbóná. Ó ní kó lọ ra búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀. Ó wá sọ ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n yọ eyín mẹ́rin fún lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó sì fẹsẹ̀ rìn délé, ó ń súfèé lọ. Ìtàn yẹn gùn. Nígbà tó pé bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bàbá ki ìka méjì bọ ẹnu, ó fa òwú tó ti pupa yọ, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "kì í ṣe eyín. Ìyàwó mi ló máa ń mú mi wá síbí. Òní ni mo kọ́kọ́ dá wá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún, ìwọ ò sì jẹ́ kí n ráyè."

Ó dá òwú padà sẹ́nu, ó pa ẹnu dé.

Ọ̀rọ̀ yìí gún Nọ́ọ̀sì bí abẹ́rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi mọ ohun tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ kẹrin, níbi tó ti ń jẹun ọ̀sán tó sì ń fi ìka ti ojú fóònù lọ sókè, ó rí i pé yunifásítì kan ń wá akẹ́kọ̀ọ́: èèyàn lè jókòó sílé, kó kọ́ ìmọ̀ ọkàn ẹ̀dá àti ìgbaninímọ̀ràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì gba dìgírì. Kò tíì jẹ oúnjẹ náà tán tó fi forúkọ sílẹ̀.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà. Ibo ni ì bá ti ráyè sọ ọ́? Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé wọn, ó wá ku òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ dìgírì, ó ṣa àṣẹ́kù pákó jọ, ó kan tábìlì kékeré kan sí igun pálọ̀, láàárín fíríìjì àti fèrèsé.

"Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta," ó ní, ó ń fi ọwọ́ pa ojú tábìlì láti mọ̀ bóyá ó jọ̀lọ̀. "Ó dáa. Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Bàbá wọn, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni látòkè délẹ̀!"

Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tí etí rẹ̀ ṣì mú ju ti ológbò lọ, pariwo láti yàrá ẹ̀yìn. "Ìmọ̀ràn wo lo tún ń lọ kọ́, ìyàwó? Èyí tó wà lẹ́nu ẹ, ta ló ti lò ó tán?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ tó dáa, ó lé tìróò, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógún yọjú nínú àpótí kéékèèké, bí ẹni tó yọrí lójú fèrèsé ilé alájà púpọ̀. Olùkọ́ wọn jẹ́ obìnrin kan tó wọ awò ojú, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Òfin kìíní nínú ìgbaninímọ̀ràn," ni olùkọ́ wí, "ni pé a kì í gbani nímọ̀ràn."

Nọ́ọ̀sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ò dáa. Mo gbọ́ ọ bíi pé ẹ ní a kì í gbani nímọ̀ràn."

"Ẹ gbọ́ dáadáa, mà. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ."

Nọ́ọ̀sì rọra tẹ bọ́tìnnì kan tó rò pé ó pa ohùn rẹ̀. Kò pa nǹkan kan. Ló bá yíjú sí fèrèsé, ó figbe ta sí ọkọ rẹ̀ tó ń rẹ́ pákó lẹ́yìnkùlé. "Bàbá wọn! Ẹ gbọ́ nǹkan! Wọ́n ní ká wá kọ́ ìgbaninímọ̀ràn, wọ́n ní ká má gbani nímọ̀ràn!"

Káfíńtà dá ayùn dúró. "Bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan igi nìyẹn."

Àwọn èèyàn mẹ́rìnlélógún bú sẹ́rìn-ín nínú àpótí wọn. Ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sójà, tó jókòó sí àpótí ìsàlẹ̀, rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Ìyá tó wà lókè lápá òsì," ni olùkọ́ wí, "ohùn yín àti ti bàbá ń dé ọ̀dọ̀ wa ketekete."

Olùkọ́ wá ṣàlàyé. Ó ní ẹni tó gbé ẹrù ló mọ ibi tó ti ń wọ òun lọ́rùn. Iṣẹ́ tiwọn kì í ṣe láti já ẹrù gbà, kì í sì í ṣe láti tú u wò kí wọ́n máa sọ èyí tó yẹ kó jù nù. Kí wọ́n gbọ́ ohun tó sọ. Kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un kó lè mọ̀ pé wọ́n gbọ́. Kí wọ́n pe orúkọ ohun tó ń dùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n dákẹ́.

"Kí wọ́n dákẹ́," ni Nọ́ọ̀sì kọ sínú ìwé rẹ̀. Ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Iṣẹ́ tó bá wọ Nọ́ọ̀sì lójú, àṣekára ló máa ń ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Àgbà wọ ilé ìdáná.

"Ìyàwó, omi ti tán nínú kẹ́tù."

Nọ́ọ̀sì fi abọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó jókòó, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín ni pé omi ti tán nínú kẹ́tù."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo wí."

"Ó dà bíi pé ó dùn yín dọ́kàn."

"Kí ló dùn mí? Tíì ni mo fẹ́ mu."

"Ẹ fẹ́ mu tíì." Nọ́ọ̀sì mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ sọ sí i fún mi."

Ìyá Àgbà wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó gbé kẹ́tù, ó lọ pọn omi fúnra rẹ̀. Nígbà tí Káfíńtà dé láti ibi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Tètè wá nǹkan ṣe o. Etí ìyàwó ẹ ti ń di. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń tún sọ kó tó yé e."

Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Níbẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti burú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mọ́kàndínlógún, kẹ́kẹ́ pa níyàrá ìtọ́jú eyín. Nọ́ọ̀sì dúró ti orí àga, ó pa ẹnu mọ́, ó sì fi àánú kún ojú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìgbẹ́yín ń ké wìì-wìì, kò sí ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ìyá kan di apá àga mú, ó ní, "Kí lẹ rí nínú ẹnu mi? Ẹ má fi pamọ́ fún mi! Ṣé màá yè é?" Awakọ̀ akẹ́rù kan tó sanra bí àgbá gbójú sókè, ó rí bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń kẹ́dùn lé òun lórí láìsọ̀rọ̀, ló bá dìde fùú, ó sá bọ́ sí ìgboro tòun ti aṣọ ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Wọn ò rí aṣọ ọ̀rá náà gbà padà títí dòní.

Dókítà pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń lejú ni dókítà yìí, irun funfun, bàtà dídán.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Mò ń kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ ni, Ọ̀gá."

"Lọ kọ́ ọ níbòmíràn! Ṣé o rò pé mi ò mọ bí ẹnu ẹ ṣe wúlò fún mi tó ni? Tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹ, wọn ò ní gbọ́ ẹ̀rọ mi. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ ti lé aláìsàn mẹ́rin sá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí."

Ni wọ́n bá jọ ṣàdéhùn: kó máa sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, kó máa dákẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n ilé náà ni wọ́n ti ń rò pé ó ń ṣàìsàn.

Nígbà tí sáà kìíní ń parí lọ, ìdánwò dé. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá àgbàlagbà kan, kó jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú kámẹ́rà, kí olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù sì máa wò wọ́n. Ẹni náà ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbátan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà á nímọ̀ràn kan ṣoṣo, máàkì rẹ̀ lọ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì yí gbogbo àdúgbò ká. Ṣùgbọ́n àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń ránṣọ ní ìkángun rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, ó pa iná, ó wọ abẹ́ tábìlì. Ọkùnrin tó ń tún táyà ṣe ò tilẹ̀ fi bò. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìmọ̀ràn tí ẹ gbà mí lọ́jọ́sí ni kò jẹ́ kí ìyàwó mi bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Tí ẹ bá tún gbà mí nímọ̀ràn kejì, inú ṣọ́ọ̀bù ni màá máa sùn."

"N ò ní gbà yín nímọ̀ràn kankan! Mo kàn fẹ́ gbọ́ yín ni!"

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe sọ lọ́jọ́ yẹn."

Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, dókítà ló ṣàánú rẹ̀. Ó ní òun á wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí Nọ́ọ̀sì bá lè ṣèlérí pé kò ní dákẹ́ mọ́ láé níyàrá ìtọ́jú.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nínú ilé náà, ìdí nìyí tí ọjọ́ Àbámẹ́ta fi rí bó ṣe rí. Eyín ń dun Ìyá Àgbà. Ó ti tó oṣù méjì. Ó ń fi apá kan jẹun, ó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì, ó sì ń pa á mọ́ra, nítorí pé kò sí ohun tó bà á lẹ́rù láyé yìí bíi dókítà eyín. Ó sì mọ dókítà náà lójú. Àwòrán rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà tí ilé ìwòsàn wọn máa ń pín lọ́dọọdún, èyí tí Nọ́ọ̀sì so mọ́ ògiri pálọ̀: ọkùnrin onírun funfun, tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tó gbé irin ìfayín sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Ìgbà tí eyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá Àgbà ni kì í ti í kọjú sí ògiri yẹn mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé, aago mẹ́rin lù. Dókítà wọlé tòun ti báàgì aláwọ dúdú rẹ̀, nítorí kì í fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò. Ó jókòó sórí àga tí Nọ́ọ̀sì tọ́ka sí. Olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yọjú nínú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá," ni Nọ́ọ̀sì wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Kí lẹ fẹ́ ká jọ sọ lónìí?"

"Ìwọ lo ní kí n wá."

"Ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dákẹ́. Dókítà náà dákẹ́. Èèyàn tó ti fi ọgbọ̀n ọdún la ẹnu ẹlòmíràn, ta ló máa la tirẹ̀? Fíríìjì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára Nọ́ọ̀sì. Ìmọ̀ràn ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí omi gbígbóná. Ọ̀gágun fẹ̀yìntì ti sùn lọ nínú àpótí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ka eyín rẹ̀ láti òkèèrè.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ìyá Àgbà fi jáde láti yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó rí irun funfun. Ó rí báàgì dúdú. Ó wo ògiri, ó wo orí àga. Ọkùnrin ara kàlẹ́ńdà ti sọ̀ kalẹ̀ sínú pálọ̀.

"Yéè! Ìyàwó ti tà mí o!"

Ife fò, tíì ṣàn. Ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tó ní eékún ń dun òun láàárọ̀, ta bí ìbọn wọ balùwẹ̀, ó ti bọ́ọ̀tì ilẹ̀kùn láti inú, gbàgà!

Nọ́ọ̀sì àti dókítà wo ara wọn lójú. Káfíńtà sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé tòun ti òòlù.

"Ta ló pariwo?"

"Màmá ni. Wọ́n ti ara wọn mọ́ balùwẹ̀. Wọ́n ní mo ti tà wọ́n."

"Ìṣẹ́jú méjì," ni Káfíńtà wí, ojú rẹ̀ sì tàn. "Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn yẹn, mo mọ ibi tí kò ti lágbára. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́."

"Bí o bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yìí, èmi kọ́ ni mo bí ẹ!" ni ìyá rẹ̀ ké láti inú.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" Ohùn olùkọ́ ni, láti igun pálọ̀. "A ò rí yín mọ́."

Káfíńtà há kọ̀ǹpútà mọ́ abíyá bí ẹni gbé pákó, ó gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì rí kò ju ẹ̀wù káfíńtà àti ìyẹ̀fun pákó lọ. Nígbà tó gbé e ka orí àpótí ìjókòó, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ló kọjú sí wọn.

Nọ́ọ̀sì fi ẹnu kan ilẹ̀kùn. "Màmá, ẹ gbọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n gbà yín ní..." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ilẹ̀ tútù, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, mo gbọ́ pé ẹ ní mo ti tà yín."

"O tà mí! O lọ pè é wá sílé, o ò sọ fún mi! Ẹ fẹ́ dì mí mú!"

"Ẹ rò pé mo fẹ́ tàn yín jẹ."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, àti ìka ẹsẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé eyín yíyọ ò dùn mọ́ láyé òde òní, pé abẹ́rẹ́ kékeré báyìí ni, pé ọkùnrin kan wà tó ń súfèé lọ sílé. Ó wá rántí ojú bàbá arúgbó tó tẹ́ òwú sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gé ètè jẹ, ó ń ka táìlì ara ògiri. Ó kà á dé ogójì.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn," ni ohùn kan wí láti inú, ohùn kékeré. "Eyín mi kan ń mì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n wá wo ẹyẹ aláràbarà kan lójú fèrèsé. Ó ní tí mo bá la ẹnu dáadáa, ẹyẹ náà á yọjú. Mo la ẹnu. Mo ń wá ẹyẹ, mo ń wá ẹyẹ, àfi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan eyín mi. Òwú ni. Ó fà á yọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó, eyín yẹn ò dùn mí tó ìyẹn. Ẹyẹ yẹn ló dùn mí."

"Ẹyẹ yẹn ló dùn yín," ni Nọ́ọ̀sì wí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dún bí ọ̀rọ̀ etí dídi.

"Ọdún mọ́kàndínlógún lo ti ń rojọ́ eyín nínú ilé yìí. Eyín tàwọn ará ìta. O ò bi mí rí pé, 'Màmá, tiyín ńkọ́?'"

Omi lé sójú Nọ́ọ̀sì. "N ò bi yín rí, Màmá." Kò fi nǹkan kan kún un.

Dókítà ti ń bẹ lẹ́yìn wọn láti ìgbà yìí, ó di báàgì rẹ̀ mú, ó gbé ọwọ́ kejì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wú ikọ́.

"Màmá, ẹ má bínú. N ò mọ̀ pé ẹ wà nílé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé mo wá fún eyín yín. Àti pé..." Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo òòlù Káfíńtà, ó wo ilẹ̀. "Ọdún méjìlélógún ni mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ẹnu tèmi. Ọ̀kan ti jẹrà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Apá ọ̀tún nìkan ni mo fi ń jẹun."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Káfíńtà, ó bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀gágun fẹ̀yìntì ta jí nínú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ta ló yìnbọn?"

Ohùn Ìyá Àgbà jáde láti inú balùwẹ̀: "Apá ọ̀tún? Apá òsì ni mo fi ń jẹ tèmi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá."

"Ìwọ náà pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́?"

"Gidi gan-an ni, mà."

"Kí ló wá ń bà ẹ́ lẹ́rù, ìwọ tó o mọ iṣẹ́ náà?"

"Ìyẹn gan-an ni, Màmá. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rín Ìyá Àgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́ tó sì máa ń parí bí orin. Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ìyá Àgbà gbá bọ́ọ̀tì mú láti ṣí i. Ó fà á. Ó tún fà á.

"Ó ti há," ó ní.

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì mi orí fún un pé kó yọ ọ́. Kò tíì sí ẹni tó rí ọkùnrin náà láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí àkọ́bí wọn. Ìṣẹ́jú méjì gan-an ló gbà á, bó ṣe sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni balùwẹ̀ yẹn fi wà láìní ilẹ̀kùn, aṣọ ìbora ni wọ́n ta sí i, nítorí pé iṣẹ́ ilé káfíńtà ló máa ń kẹ́yìn iṣẹ́ gbogbo.

Èsì ìdánwò dé lọ́jọ́ kẹfà. Olùkọ́ kọ̀wé pé ìbátan ni Ìyá Àgbà, nítorí náà òun ò lè fún ẹnikẹ́ni ní máàkì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bó ti wù kó dára tó. Dókítà ni ẹni tí wọ́n yàn, ọ̀rọ̀ tí ó sì sọ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, Nọ́ọ̀sì ò sì fi ìmọ̀ràn kankan kún un. Mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Lábẹ́ rẹ̀, olùkọ́ fi kún un pé: "Ẹ ṣeun. Ẹ pegedé. Nígbà mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ibi tí kò sí òòlù." Nọ́ọ̀sì tẹ ìwé náà jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Káfíńtà fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín mìíràn ní apá kejì ìlú. Dókítà dé fìlà tó bò ó dé imú kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Wọ́n jiyàn ní yàrá ìdúró nípa ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé. Dókítà ní àgbà ló ń ṣíwájú. Ìyá Àgbà ní ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń ṣíwájú. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ, ìyá náà dìde, ó fi ìyàwó ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ dá wọlé.

Ìdajì wákàtí ló lò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú nígbà tó jáde, ṣùgbọ́n ó gbé orí rẹ̀ sókè bí ẹni tó gba oyè. Ó wo àga tí dókítà jókòó sí. Àga ṣófo.

"Ibo ló wà?"

Ó wọ́n níyàrá ìdúró, ó wọ́n nílé ìtọ̀. Káfíńtà ló rí i níta, nínú ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, tó na gbalaja sáàárín pákó méjì, tó fi fìlà bojú bí ẹni tí wọ́n gbé fún ìsìnkú.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó rọra sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́ wọlé, ó di ọwọ́ dókítà mú. Ẹnu rẹ̀ ṣì kú nítorí abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ń bọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ó máa dùn ọ́ díẹ̀," ó ní. "Bí ìgbà tí igi bá gún èèyàn lọ́wọ́. Ó yá, dìde."

Dókítà dìde. Ìyẹ̀fun pákó kún irun rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú wọlé, ìyá kúkúrú àti ọkùnrin gíga, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Káfíńtà ń wakọ̀ láìsọ̀rọ̀, dókítà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo òde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà. Níjòkòó ẹ̀yìn, oorun gbé Ìyá Àgbà lọ, ó sùn lé èjìká ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tó kú ò lè padé, itọ́ ń sọ̀ sára ẹ̀wù Nọ́ọ̀sì, ẹ̀wù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Nọ́ọ̀sì jókòó jẹ́ẹ́, kò sì mì títí wọ́n fi dé ilé.